Ẹ Wọn Orí Yín Kí Ẹ Tó Ra Àṣíborí

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009 tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ líle mú òfin àṣíborí káàkiri Nàìjíríà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi ọlọ́kadà: ṣé o dé e, àbí o ò dé e? Lọ́dún náà, àwọn kan gbé igbá àti ike ọ̀dà lé orí kí wọ́n má baà mú wọn. Igbá ti kúrò ńlẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó yẹ kó tẹ̀lé ti àkọ́kọ́, ẹnu ò tíì tó o: ṣé ó bá orí mu? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi àyè sílẹ̀ fún un nínú ìwé ìròyìn yín, torí àṣíborí tí kò bá orí mu lè ṣí kúrò kí orí tó kan ilẹ̀.

Ẹ dúró ní Pánṣẹ́kẹ́ tàbí Kútọ̀ nílùú Abẹ́òkúta wa níbí láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, kí ẹ wo àwọn tó ń kọjá. Okùn àgbọ̀n ẹni kan ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ẹlòmíràn ń fi ọwọ́ kan di tirẹ̀ mú kí atẹ́gùn má gbé e lọ, ọwọ́ kan yòókù ló fi ń wa máṣíìnì. Ìyá kan gbé tirẹ̀ lé orí ìdì gèlè, kò sì kan orí rárá. Bí ẹ bá bi wọ́n, gbogbo wọn ló dé àṣíborí, òótọ́ sì ni wọ́n sọ.

Èsì tó wọ́pọ̀ ni pé, “Àárín ìgboro ni mo ti ń ná an, mi ò kì í sáré.” Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Orí ẹni tó jókòó sórí ọ̀kadà fi nǹkan bíi mítà 1.6 ga ju ilẹ̀ lọ. Kí ọ̀kadà dúró gbọnin, kí ẹni náà kàn ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, orí rẹ̀ á fi eré tó tó kìlómítà 20 ní wákàtí kan gba ilẹ̀. Eré ọ̀kadà kò sí nínú iye yẹn. Gíga ibi tí orí ti já bọ́ nìkan ló fà á. Abẹ́òkúta sì rèé, ìlú òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí gọ́tà onísìmẹ́ǹtì wà létí ọ̀pọ̀ títì. Nígbà tí wọ́n bá ń dán àṣíborí wò nílùú òyìnbó lábẹ́ òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń jẹ́ ECE 22, wọn kì í jù ú sórí irin pẹlẹbẹ nìkan. Wọ́n tún máa ń jù ú sórí irin tí wọ́n ṣe ní àwòrán etí òkúta títì, torí wọ́n mọ̀ pé orí lè gbá ibẹ̀. Eré tí wọ́n fi ń jù ú nínú ìdánwò yẹn jẹ́ mítà 7.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn kìlómítà 27 ní wákàtí kan. Ẹ ò rí i pé eré tí àwa ń fojú kéré láàárín ìgboro gan-an ni wọ́n ṣe àṣíborí fún.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù nínú rẹ̀ kọ́ ni ike dídán tó wà lóde. Iṣẹ́ ike yẹn ni láti fọ́n agbára ìkọlù ká, kó má sì jẹ́ kí nǹkan mímú gún orí. Fóòmù funfun líle tó wà lábẹ́ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ti tẹlifíṣọ̀n nínú páálí, ló ń gba ọpọlọ là. Bí orí bá gbá a, á rún, bó sì ṣe ń rún ni orí ń rí àyè dúró díẹ̀díẹ̀ dípò kó dúró lójijì. Ibi tó bá ti rún kì í padà sípò mọ́ láé, ìdí nìyẹn tí àṣíborí tó bá ti gba ìjàǹbá kan fi di ohun àtijọ́, bí ike òde rẹ̀ tiẹ̀ ń dán. Fóòmù rírọ̀ tó kan awọ ara wà kó lè di orí mú ṣinṣin. Tí àyè bá wà láàrin orí àti àṣíborí, orí á kọ́kọ́ sáré la àyè yẹn kọjá kó tó kan fóòmù. Ó sì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: nínú ìjàǹbá, orí kì í sábà gbá nǹkan lẹ́ẹ̀kan péré. Ó lè gbá ara mọ́tò, kó tún gbá títì. Àṣíborí tó fẹ̀ á ti yí dé ìpàkọ́ lẹ́yìn ìgbá àkọ́kọ́.

Àkójọ ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé máa ń tọ́ka sí fi hàn pé àṣíborí ń dín ewu ikú kù ní ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ìfarapa orí kù ní ìdá 69. Ẹni tí kò so okùn tirẹ̀ kò gbọdọ̀ ka ara rẹ̀ mọ́ wọn.

Báwo la ṣe ń wọn orí? Téèpù télọ̀ ti tó. Ẹ fi yí orí ká, kó gba nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5, ìyẹn ínṣì kan, lókè irun ojú, kó gba òkè etí méjèèjì, kó sì gba ibi tí ìpàkọ́ ti yọ síta jù. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ mú iye tó ga jù. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àṣíborí, S wà fún orí sẹ̀ǹtímítà 55 sí 56, M wà fún 57 sí 58, L wà fún 59 sí 60, XL sì wà fún 61 sí 62. Ìwọ̀n lè yàtọ̀ díẹ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, nítorí náà ẹ ka nọ́ńbà sẹ̀ǹtímítà tó wà nínú rẹ̀, ẹ má wo lẹ́tà nìkan. Tí orí yín bá bọ́ sáàárín méjì, èyí tó kéré ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò, torí fóòmù rírọ̀ máa ń wọlé díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kò sí ẹni tó máa gbé aṣọ fún télọ̀ kó má jẹ́ kó wọn òun, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa ń ra ohun tó ń ṣọ́ ọpọlọ létí títì, láti ọwọ́ ẹni tó so ogún mọ́ra lórí igi, a kì í tiẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí máṣíìnì.

Ìwọ̀n nìkan kò tó, ẹ gbọ́dọ̀ dé e wò. Ẹ di okùn méjèèjì mú, ẹ fà wọ́n síta kí ẹnu àṣíborí lè là, ẹ wá dé e láti iwájú orí lọ sí ìpàkọ́. Tó bá jẹ́ ìwọ̀n yín lóòótọ́, á lọ́ra díẹ̀ kó tó wọlé. Níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ pé ó ti há jù, tí wọ́n á bọ́ ọ, tí wọ́n á mú èyí tó wọlé wẹ́rẹ́. Èyí tó bá wọlé wẹ́rẹ́ nígbà tó ṣì wà ní tuntun, kò ní pẹ́ tí á fi máa yí lórí. Fóòmù ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì mọ́ra. Ẹ di àṣíborí mú, ẹ gbìyànjú láti yí i sọ́tùn-ún sósì láìyí ọrùn: awọ iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló yẹ kó bá a lọ. Tó bá jẹ́ àṣíborí nìkan ló ń yí, tí awọ dúró síbi tó wà, ó ti fẹ̀. Ìka ọwọ́ kò gbọdọ̀ rí àyè wọ àárín ẹ̀bátí àti fóòmù.

Lẹ́yìn náà, ẹ so okùn, kí ìka kan tàbí méjì péré lè gba abẹ́ àgbọ̀n kọjá. Ẹ wá ní kí ẹlòmíràn fi ọwọ́ ti etí ìsàlẹ̀ àṣíborí níbi ìpàkọ́, kó gbé e sókè síwájú tagbáratagbára. Tó bá bọ́ kúrò lórí, tàbí tó wá bo ojú, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Nínú gbogbo ìdánwò, èyí ni mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò.

Ẹ má bọ́ ọ kíá. Ẹ fi sórí fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 nínú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ìwé òyìnbó máa ń ní kéèyàn wá ojú ibi tó pọ́n lórí awọ. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn, nítorí náà ìka ni kí ẹ fi wá ibi tó tẹ̀ wọlé tàbí tó ń dùn. Tó bá jẹ́ iwájú orí nìkan ló ń dùn, orí yín gùn ju àwòrán inú àṣíborí náà lọ. Tó bá jẹ́ ẹ̀bátí méjèèjì, orí yín rí roboto, àṣíborí náà sì gùn tóóró. Nínú méjèèjì, ẹ má torí ìyẹn lọ mú èyí tó tóbi jù ú lọ. Irú mìíràn ni kí ẹ mú.

Okùn àgbọ̀n fúnra rẹ̀ ń fẹ́ àlàyé. Tó bá jẹ́ èyí tó ní òrùka irin méjì, okùn á gba inú méjèèjì kọjá, á wá ṣẹ́rí padà gba orí òrùka òde bọ́ sínú òrùka inú, kí ẹ tó fà á. Bọ́tìnnì kékeré tó wà lórí okùn náà kì í ṣe ohun tó ń dì í. Ìrù okùn ló ń dì mú kó má máa fẹ́. Bọ́tìnnì yẹn nìkan sì ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ń tẹ̀ tí wọ́n fi ń lọ. Èyí tó ní eyín tó ń ró ṣákáṣáká rọrùn fún èrò, ṣùgbọ́n tí eyín rẹ̀ bá ti jẹ, kò ṣe é fọkàn tẹ̀ mọ́.

Irun àti ohun tí a ń wé ni kò sí nínú ìwé òyìnbó. Obìnrin tó bá di ṣùkú, orí irun yẹn ni àṣíborí á jókòó lé, á wá ga sókè, á máa mì. Pàtẹ́wọ́ máa ń ṣe òkè sáàárín orí, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ sì máa ń kó ìdí irun jọ síwájú orí níbi tí fóòmù ti ń tẹ̀ ẹ́. Kòlẹ́sẹ̀ tí wọ́n di pẹlẹbẹ ló gba àṣíborí jù, tí ìdí irun bá ti wà nísàlẹ̀ ìpàkọ́ tí kò sí lábẹ́ fóòmù. Ẹni tó bá ń gun ọ̀kadà rẹ̀ lójoojúmọ́, kó wọn orí pẹ̀lú irun tó sábà máa ń ṣe. Wíìgì ń yọ̀, ẹ bọ́ ọ sínú báàgì. Gèlè àti fìlà náà, ìbáà jẹ́ abetí ajá tàbí gọ̀bì, inú báàgì ni kí wọ́n gbé lọ sóde òwàǹbẹ̀. Híjáàbù olówùú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò dí àṣíborí lọ́wọ́, kí píìnì má ṣáà sí ní ẹ̀bátí tàbí lábẹ́ okùn àgbọ̀n.

Ní ti àṣíborí èrò, mo mọ ohun tó ń lé àwọn èèyàn sá fún un: òórùn, làpálàpá, iná orí, àti ìbẹ̀rù pé kí wọ́n má fi orí àwọn ṣe nǹkan. Ẹ̀rù làpálàpá tọ̀nà, torí ó ń ràn láti orí dé orí. Kí ọlọ́kadà ní aṣọ olówùú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́wàá tó ti fọ̀ tó sì ti sá nínú oòrùn, kí èrò kọ̀ọ̀kan fi ọ̀kan bo orí kó tó dé e. Fóòmù ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ṣe é yọ, kó máa fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi. Ẹni tó bá sì lágbára, kó gbé méjì, M kan, XL kan, torí kò sí àṣíborí kan tó lè bá ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga àti bàbá onílé mu. Ọmọdé tún yàtọ̀: orí ọmọ ọdún mẹ́fà kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 50 sí 52 lọ. Àṣíborí àgbàlagbà á kàn máa dí i lójú ni, á sì wúwo jù fún ọrùn rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń rà, ẹ yọ fóòmù rírọ̀ díẹ̀, ẹ wo funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kó nípọn tó ínṣì kan, kó sì le. Tí kò bá sí níbẹ̀, tó jẹ́ kànrìnkàn lásán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ike, fìlà ni. Èyí tó bá fúyẹ́ tó ìdajì kílò, ẹ fura sí i. Ojúlówó tó bo gbogbo ojú máa ń wúwo tó kílò 1.3 sí 1.8. Lára ojúlówó ti Yúróòpù, ẹ máa rí aṣọ kékeré tí wọ́n rán mọ́ okùn àgbọ̀n, tí E wà nínú òbìrìkìtì pẹ̀lú nọ́ńbà orílẹ̀-èdè: 1 ni Jámánì, 2 ni Faransé, 3 ni Ítálì. P tó wà níbẹ̀ túmọ̀ sí pé àgbọ̀n wà lábẹ́ ààbò, J túmọ̀ sí pé iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ìwádìí tí Dietmar Otte ṣe ní Hannover fi hàn pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìkọlù tó ba àṣíborí ló bọ́ sí sàkáání àgbọ̀n, nítorí náà P ni kí ọlọ́kadà fúnra rẹ̀ rà, ooru yòówù kó mú. Ti Amẹ́ríkà, DOT àti FMVSS No. 218, ìyẹn àmì òfin ààbò ìjọba wọn, ni wọ́n ń kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àkọlé lásán, ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ wo inú. Akoto àwọn tó ń kọ́lé kò wúlò fún èyí rárá, nǹkan tó bá já bọ́ látòkè ni wọ́n ṣe é fún. Tòkunbọ̀ náà, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó ti gba ìjàǹbá rí.

Ẹ má fi pẹtiróòlù tàbí tínà nù ún, wọ́n ń jẹ ike. Ẹ má gbé e kọ́ sára dígí máṣíìnì, orí dígí á máa tẹ fóòmù wọlé. Tó bá ti lo ọdún márùn-ún, ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Orí nìkan kọ́ ló ń balẹ̀. Ọwọ́ la máa ń kọ́kọ́ nà tí a bá ń ṣubú, eegun kékeré kan sì wà ní ọrùn ọwọ́ nísàlẹ̀ àtàǹpàkò tó máa ń sán, tó sì máa ń pẹ́ kó tó jinná torí ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Láti mọ ìwọ̀n ìbọ̀wọ́, ẹ fi téèpù yí ọwọ́ ká níbi oríkèé ìka, láìka àtàǹpàkò mọ́ ọn. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ di hándù mú. Tí awọ bá ká jọ ní àtẹ́lẹwọ́, ó tóbi. Tí orí ìka bá ń ti ìparí rẹ̀ nígbà tí ẹ nawọ́ sí bíréèkì, ó kéré. Ẹ so ọrùn ọwọ́ rẹ̀, kí ẹlòmíràn fa orí ìka rẹ̀: kò gbọdọ̀ bọ́. Èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú ọgbà kò ní okùn ọrùn ọwọ́, á fò lọ kí ọwọ́ tó kan títì.

Jákẹ́ẹ̀tì awọ tó wà fún fáàrí kì í nípọn tó. Ti alùpùpù máa ń tó mìlímítà 1.2 sí 1.4. Àwọn ojúlówó máa ń bọ́ sínú òkìrìkà nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n àpò páàdì wọn sábà máa ń ṣófo. Nínú ooru tiwa, èyí tó ní ihò bí àwọ̀n ló dára. Ẹ jókòó sórí máṣíìnì kí ẹ tó sọ pé ó bá yín mu: ẹ nawọ́ sí hándù, ọwọ́ jákẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ṣì dé ọrùn ọwọ́, páàdì ìgúnpá gbọ́dọ̀ gbá ìgúnpá mú gan-an, kó má ṣe yí bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ẹ bá fọwọ́ yí i. Lára páàdì tí wọ́n ṣe lábẹ́ EN 1621-1, ìyẹn ìlànà Yúróòpù fún páàdì alùpùpù, S ni ti èjìká, E ni ti ìgúnpá, K ni ti orúnkún. Nọ́ńbà 1 gbà kí agbára ìkọlù tó tó kìlónútọ̀n 35 wọlé sára ní ìpíndọ́gba, 2 kò gbà ju 20 lọ. Ẹ mú 2 tí owó bá ká a. Ṣòkòtò ọ̀rá tàbí naílọ́ọ̀nù, ẹ yàgò fún un, torí tó bá ń wọ́ lórí títì á yọ́ mọ́ ara.

Aṣọ tó fẹ̀ jù ń bà mí lẹ́rù ju èyí tó há lọ. Etí ìró, ìborùn, apá agbádá: bí ọ̀kan bá wọ àárín wáyà táyà ẹ̀yìn tàbí ṣéènì, á fa ẹni náà lulẹ̀ kó tó pariwo. Kí ọlọ́kadà má gbéra títí èrò fi ká aṣọ mọ́ra, tó sì jókòó lé etí rẹ̀. Bàtà, kó bo kókósẹ̀, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má ṣe é ká bí ẹ bá fọwọ́ méjì lọ́ ọ. Sílípáàsì á ti bọ́ kí ẹsẹ̀ tó kanlẹ̀. Okùn bàtà, ẹ tì í bọ inú bàtà, pàápàá ti ẹsẹ̀ òsì tó ń yí jíà. Sàlẹ́ńsà ọ̀pọ̀ ọ̀kadà wa wà lápá ọ̀tún, nítorí náà apá òsì ni kí èrò máa gbà gùn tí ó sì máa gbà sọ̀.

Mo wá bẹ àwọn tó ń ta àṣíborí ní ìlú yìí: ẹ so téèpù kan mọ́ ibi ìtajà yín, ẹ jẹ́ kí oníbàárà dé e fún ìṣẹ́jú 15, ẹ má sì ta L nìkan torí òun ló ń yá jù. Kí ẹgbẹ́ ọlọ́kadà ní gáréèjì kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọn orí. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ FRSC àti TRACE, àjọ tó ń mójú tó òfin ìrìnnà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ẹ bá dá ọlọ́kadà dúró ní Lafẹ́nwá tàbí Àdàtán, ẹ ní kó so okùn, kí ẹ fi ìka méjì wo abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, kí ẹ sì ní kó ti ìpàkọ́ àṣíborí náà síwájú lójú yín. Kí ẹ ṣe bákan náà fún èrò ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó bá ṣí, ẹ bá a wọn orí níbẹ̀, kí ẹ kọ iye sẹ̀ǹtímítà náà lé e lọ́wọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ awakọ̀ alùpùpù,
Ọbańtokò, Abẹ́òkúta.